Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Láìpàdánù

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ọkùnrin tó ń pariwo òfin yẹn ló pàdánù. Ẹni tó borí kì í rántí òfin; ẹ̀yìn ló máa ń fi ti àga, tí á ní ayé dára. Ọkùnrin tiwa ti dìde dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ tábìlì mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí tábìlì sá lọ, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ síta, ó sì ń sọ fún gbogbo ilé pé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ yìí kò lè ṣẹlẹ̀.

"Kò ṣeé ṣe," ni ó wí. "Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Ní òdìkejì tábìlì, obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kan ń kó káàdì rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n léra bí ẹni tó ń ká aṣọ ìkókó. Agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Agbẹ̀bí sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kó káàdì náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sí ilé-ìwé gíga, ó ní kí màmá àgbà lè rí nǹkan mìíràn bá jà yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ rèé ní ṣọ́ọ̀bù náà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tó bá ọkùnrin yìí jókòó.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kò tóbi. Ìwé, gègé, pépà àti yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lójú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oníṣọ́ọ̀bù á ti páálí pépà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á to tábìlì mẹ́rin, àwọn tó fẹ́ràn eré káàdì á sì wọlé. Olúkúlùkù ló ń mú ọgọ́ta káàdì tirẹ̀ wá, èyí tó ti rà, tó ti pààrọ̀, tó ti ṣà jọ fún oṣù gbọọrọ. Ara káàdì kọ̀ọ̀kan ni àwòrán ẹranko wà, tàbí ti jagunjagun, tàbí ti ìjì, tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ogún ẹ̀mí ni oníkálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, ó tán fún un nìyẹn. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n kàn fi ń najú ni.

Gbogbo wọn ló fi ń najú o, àfi ẹnì kan.

Iṣẹ́ ẹni náà ni láti máa dán awakọ̀ wò kí wọ́n tó gba ìwé ìwakọ̀. Láàárọ̀, yóò jókòó ti ẹni tó rọ̀ mọ́ ìtọ́kọ̀, òun pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti bírò pupa, kò sì ní la ẹnu títí ọkọ̀ yóò fi padà dé ibi tó ti gbéra. Ìgbà yẹn ni yóò wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún onítọ̀hún pé kò wo dígí kó tó yà. Ó ti dá ọ̀gá ara rẹ̀ padà nínú ìdánwò náà rí, ó sì máa ń fẹ́ kí wọ́n béèrè ìtàn yẹn lọ́wọ́ òun. Ní ṣọ́ọ̀bù, Adájọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ó gbà á bí oyè. Kò pẹ́ tó gba oyè náà tó fi tẹ òfin mọ́kàndínlógún sórí pépà tó nípọn, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oníṣọ́ọ̀bù kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Adájọ́ ti ṣe láìpàdánù. Òun ló ń kà á o, kò sí ẹlòmíràn tó ń kà á. Ó ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ó ti sọ ọ́ fún dókítà tó fẹ́ yọ eyín rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ nígbà náà. Bó bá sì délé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ní ohùn tí a fi ń dá ọmọdé tó ya àwòrán màlúù lóhùn. Òní ni ìbá di ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n.

Bí òní ṣe lọ nìyí. Nígbà tí Adájọ́ fi àwọn káàdì wẹ́wẹ́ rẹ̀ bá Màmá Agbẹ̀bí jà, màmá kò dá wọn lóhùn. Ó jẹ́ kí wọ́n gbọn ẹ̀mí méjì, ẹ̀mí mẹ́ta dànù lára òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adájọ́ gbé Akọ Ìjì jáde, káàdì tó fi ọdún kan gbáko wá, Asà ti dúró dè é. Asà ni káàdì tó máa ń sọ káàdì ẹlòmíràn di asán. Adájọ́ tún gbé Ejò Olórí Méje kalẹ̀. Asà kejì. Ó wá fi káàdì ńlá kẹta pamọ́ sọ́wọ́, kò lò ó fún ìgbà mẹ́ta tó kàn án, kí ojú màmá lè kúrò lára rẹ̀. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màmá fi di Asà kan mú tí kò lò ó fún ohunkóhun. Ẹ̀mí ọkùnrin náà tán nígbà tí ti màmá ṣì ku méje.

Inú Adájọ́ wá ń ru bí omi tí a gbàgbé sórí iná. Kì í ṣe pé ó pàdánù nìkan ló ń dùn ún. Ó dá a lójú bí ọjọ́ pé obìnrin yìí mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ìṣòro ńlá kan sì tún wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni ìbá sọ. Ṣùgbọ́n a kì í pe àgbà lólè, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ fún un pé ó purọ́. Ó wá ń wá bí òun yóò ṣe gbé èébú gba inú ọ̀wọ̀ kọjá, bí ẹni tó fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì gba ojú fèrèsé.

"Ẹ má bínú o, mà," ni ó wí. "Èmi kò sọ pé ẹ rẹ́ mi jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, àti pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níwájú mi."

"Ta wá ni wọ́n?" ni màmá béèrè. Kò gbé ojú sókè.

"Ìyẹn la fẹ́ wádìí, mà."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni, Eléyín ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun ló sì mú Adájọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí ní ọjọ́sí. Adájọ́ ní ó gba ẹ̀yìn òun kọjá lẹ́ẹ̀mejì lásìkò eré. Eléyín ní omi lòun lọ bù. Adájọ́ ní kó sọ ìṣẹ́jú tó bu ti àkọ́kọ́ àti ìṣẹ́jú tó bu ti ìkejì, kó sì sọ ìdí tí ènìyàn kan ṣoṣo fi ń mu ife omi méjì láàárín wákàtí kan. Ó bi í bóyá torí pé òun fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ń ṣẹ́jú sí àwọn ọ̀tá òun.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Eléyín wí, "ẹjọ́ ilé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi sílé."

Ẹni tó wà ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Oníbúrẹ́dì ni, géńdé ọkùnrin tí apá rẹ̀ kún fún àpá iná ààrò. Adájọ́ wò ó títí ikọ́ náà fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ ṣàdédé là. Ó rántí pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun gbé ìdì káàdì òun fún màmá pé kó gé e, gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà to káàdì rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ọwọ́ màmá pẹ́ lórí ìdì náà. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ ti sàmì sí káàdì mi," ni ó wí. Lẹ́yìn tó rò ó díẹ̀, ó fi "mà" kún un.

Àpò ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń ki káàdì kọ̀ọ̀kan sí kó má baà bàjẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀rá ti Adájọ́ dúdú kirikiri, gbogbo ọgọ́ta wọn sì gbọ́dọ̀ jọra, torí ẹ̀yìn káàdì ni ẹni tó jókòó síwájú ẹni ń wò. Adájọ́ ní òun yóò tú gbogbo wọn sórí tábìlì, òun yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbẹ̀ ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó fura sí. Gbogbo ilé ló bẹ̀ ẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kì í dá sí nǹkan kan, kúrò nídìí káńtà rẹ̀, ó ní ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, eré ni. Oníbúrẹ́dì ní òun yóò fún un ní káàdì tó bá wù ú nínú tòun kó sáà má tú tirẹ̀. Eléyín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín tábìlì méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ yín. Ẹ má tú káàdì yẹn."

Ẹ̀bẹ̀ a máa dùn létí ẹni tó ń bínú. Adájọ́ rò pé ojú àgbà ni wọn kò fẹ́ kó tì. Ó wò wọ́n pẹ̀lú àánú, ó ní òun mọ̀ pé ọmọlúàbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọmọlúàbí bá pọ̀ jù nínú ilé, òfin á di aláìnílé. Ó fẹ́ràn gbólóhùn yẹn débi pé ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó tan iná tábìlì, ó da ojú ọgọ́ta káàdì délẹ̀, ó yọ bírò pupa rẹ̀ jáde nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọnṣó rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò bó ṣe máa ń yẹ táyà wò.

Ó rí ọ̀kan. Ní igun òkè, ọ̀rá náà wú díẹ̀, ìwú kékeré tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó yà á sọ́tọ̀. Ó rí ìkejì, ó rí ìkẹta. Nígbà tó fi yẹ gbogbo rẹ̀ tán, mẹ́jọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí wọn lójú: Akọ Ìjì, Ejò Olórí Méje, Ẹ̀ṣọ́ Odò, títí dé orí ìkẹjọ. Káàdì ńlá mẹ́jọ ló ní láyé, àwọn náà sì ni.

Ìbínú tó ti ń fi ọ̀wọ̀ bò láti ìrọ̀lẹ́ wá yọ orí síta. Ó ní ẹ wá wò ó. Ó ní ẹ wo ohun tí wọ́n fi ọjọ́ orí bò mọ́lẹ̀. Ó ní òun fi ojú ìyá wò ó, òun bu omi fún un, òun ṣàlàyé káàdì tí kò yé e fún un, àṣé ó ń wo òun bí ẹni ń wo inú ìkòkò. Ó na bírò pupa sí i.

"Olè ni yín, mà," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde, tòun ti ọ̀wọ̀ lára rẹ̀. Oníbúrẹ́dì dìde débi pé àga rẹ̀ ṣubú, ó ní kó tó o, ó ní bí Adájọ́ bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n rí. Adájọ́ ní kí ó gbàgbé. Ó ní òun kò kúrò nílé yìí láìjẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin yìí kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹsẹ̀ síbí mọ́, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, nísàlẹ̀ òfin òun, kí gbogbo ẹni tó bá wá ra pépà lè kà á. Itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n mú pépà wá báyìí, bí ẹni pé ilé tó kún fún pépà láti ilẹ̀ dé àjà kò ní pépà tó.

Màmá Agbẹ̀bí dìde. Kò ga, nígbà tó nàró tán, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìgbà tó jókòó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Irú ojú yẹn ni àwọn ọkọ tó ń yọ wọ inú yàrá ìgbẹ̀bí láìgbàṣẹ ti rí nígbà kan, tí wọn kò sì tún dán an wò mọ́.

"Ọmọ tí mo ti gbà kò lóǹkà," ni ó wí. "Òmíràn tọ̀ sí mi lára. Òmíràn ṣu. Kò sí èyí tó pè mí lólè nínú wọn."

Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ iná. Gbogbo èékánná rẹ̀ ló gé kan ẹran, wọ́n pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn ṣíbí.

"Ogójì ọdún ni mo fi ń gé e báyìí. Agbẹ̀bí kì í dá èékánná sí, ara ọmọ tuntun ni yóò fi ha. Mú èyí tí mo fi sàmì nínú wọn, kí o fi hàn mí."

Adájọ́ wo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ó ní bóyá irin ni ó lò.

"Gbé àtàǹpàkò rẹ wá."

Kò fẹ́ gbé e wá. Màmá mú un, ó dì í mú bó ṣe ti di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ mú tí wọn kò fẹ́ kó di àwọn mú. Ó ṣí ojú Akọ Ìjì sókè. Ibi tó wú lẹ́yìn ni ó jìn níwájú, torí iwájú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó gbé èékánná àtàǹpàkò Adájọ́ lé ojú ihò náà. Ó wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára. Ó gbé e lé ìkejì, ó wọlé. Kò gbé e lé ìkẹta mọ́.

"Bí káàdì gidi bá ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ díẹ̀, "o máa ń fi èékánná dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kejì tó kàn ọ́ lọ tí mo fi rí i. Mo rò pé bí ẹ ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Mo rò pé ò ń fi hàn mí ni, torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ."

Ìbínú Adájọ́ fò sókè, ó ń wá ibi tí yóò bà lé, kò rí ẹ̀ka kankan. Ó kọ́kọ́ ní òun kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ní rárá, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò lè rí ẹ̀yìn káàdì òun. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹni tó bá jókòó síwájú yín ló ń rí i, ọ̀gá," ni oníṣọ́ọ̀bù wí.

Iṣẹ́ Adájọ́ ni láti máa mú ọ̀rọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, láti orí ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Iṣẹ́ náà kò fi í sílẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbá dára kó fi í sílẹ̀. Ó yí ojú sí àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń rí i?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Bí ẹ bá ti ń rí i, báwo ni mo ṣe ń borí yín?"

Eléyín ló padà sọ ọ́, torí pé òun ló mú un wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n á rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n máa ń pàdánù bíi ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá pàdánù, kò sẹ́ni tó máa ń lè relé. Ẹ̀gbọ́n á ka òfin, ẹ̀gbọ́n á ní kí wọ́n to eré náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù fi wá wá ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ẹ̀gbọ́n jáde lọ gba ìpè, wọ́n jọ sọ ọ́ níbí pé ẹni tó bá kàn láti bá ẹ̀gbọ́n jókòó kó máa pàdánù, kó má sì yá jù kó má baà hàn. Kò ṣòro, torí wọ́n mọ ìgbà tí káàdì ńlá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kàn ń ṣí ọ̀nà fún un ni. Màmá kò tíì máa wá nígbà yẹn. Nígbà tó sì dé, olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ti sọ fún un.

Adájọ́ jókòó. Ó kó káàdì mẹ́jọ náà jọ, ó tún tú wọn ká. Èyí tó wá sọ, kò fi ariwo sọ ọ́.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀?"

Wọ́n wo ojú ara wọn. Ó hàn pé wọ́n ń wá a tọkàntọkàn, pé bí wọ́n bá rí ẹyọ kan, tayọ̀tayọ̀ ni wọn yóò fi gbé e fún un. Oníṣọ́ọ̀bù ló rántí.

"Ọ̀kan wà," ni ó wí. "Bíi oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀yin àti Oníbúrẹ́dì. Ó ti bínú lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun kò bá wa ṣe é mọ́, pé òun yóò nà yín dandan. Ẹ̀yin lẹ sì borí."

Ẹ̀yìn Adájọ́ nà díẹ̀ lára àga. Ó gbé ojú sókè, ó wo Oníbúrẹ́dì, ó sì dúró de ẹ̀rí. Ènìyàn tó ń jí po ìyẹ̀fun kí àkùkọ tó kọ ni Oníbúrẹ́dì, kò sì mọ irọ́ pa. Ó gbé àga rẹ̀ tó ṣubú dìde, ó rọra jókòó lé e.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá, mo fẹ́ nà yín," ni ó wí. "Mo sùn lọ ni."